Ìjẹ́wọ́ Ọkọ̀ Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Òórùn epo jíà ló gbé mi padà sí ìgbà èwe mi. Ẹni tí kò bá mọ epo náà, kó máa dúpẹ́. Ó nípọn, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ di ọjọ́ kejì, bó o tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Bẹnuwá, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, wá tọrọ omi lọ́wọ́ mi. Bó ṣe dá ife padà fún mi, òórùn yẹn kọlù mí nímú. Mo da omi tó kù nínú ife náà nù, mo sì ń rò ó pé Bẹnuwá kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan abẹ́ ọkọ̀, kí ló wá ń wá nínú epo?

Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn Máàsì ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta máa ń kó kátíkátì wọn wá sábẹ́ igi máńgòrò mi níbí, ní Ìdáàṣà. Kátíkátì ni à ń pe ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ jọ ń fà, èyí tó lè gun òkè, tó sì lè la ẹrẹ̀ kọjá. Tiwọn kì í gun nǹkan kan. Wọ́n á ṣí bíà, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀ títí oòrùn á fi yí. Ọ̀kan á ní òun ti gbé ara tòun sókè sí i. Òmíràn á ní iná mẹ́fà lòun tò sórí òrùlé. Ẹnìkan á máa kìlọ̀ pé kí wọ́n má ra èyí tó bá ti pẹ́ létí òkun ní Kútọnu, pé iyọ̀ ti jẹ abẹ́ rẹ̀. Bẹnuwá ní tirẹ̀ ra ọ̀pá dúdú kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú, kí ẹ́ńjìnnì lè máa ráyè mí bí ọkọ̀ bá wọ odò. Mo bá a lọ sí Paouignan nínú ọkọ̀ náà lẹ́yìn òjò kan. Ó rí omi kékeré tí adìẹ ń mu lójú ọ̀nà, ó yà fún un, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọkọ̀ òun ni.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má rò pé mo kórìíra ọkọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ti dàgbà. Ohun tó ń rí mi lára ni kí èèyàn fẹ́ràn ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó má sì mọ ohun tó wà fún.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọkọ̀ tó lè gun òkè wa kò ju mẹ́rin lọ. Bàbá mi ní ọ̀kan. Katẹkísì ìjọ wa ní ọ̀kan. Àlájì tó ń ta aṣọ lọ́jà ní méjì, kò sì jẹ́ ká gbàgbé. Kò sí èyí tó lẹ́wà nínú wọn. Okùn ni bàbá mi fi so ilẹ̀kùn òsì tirẹ̀, koríko gbígbẹ ló sì kún inú ìjókòó. Ihò kan wà nísàlẹ̀ tí àwa ọmọdé máa ń gbà wo ojú ọ̀nà bó ṣe ń sá lọ sẹ́yìn. Bí táǹkì epo bá jò, ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n fi ń dí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń gbé aboyún, wọ́n ń gbé òkú, wọ́n ń gbé iṣu, wọ́n sì ń gbé Fadá lọ sáwọn abúlé orí òkè nígbà Àjíǹde.

Lábẹ́ igi máńgòrò kan náà yìí làwọn náà máa ń jókòó lẹ́yìn Máàsì. Àlájì kì í lọ Máàsì, ṣùgbọ́n òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n máa ń sọ, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bàbá mi á fa ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń wọn epo jáde látinú ẹ́ńjìnnì, á sì fi ahọ́n kàn án, kó lè mọ̀ bóyá omi tàbí iyanrìn ti wọ ibẹ̀. Ìyá mi a máa bínú. Ife tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, kò jẹ́ kí bàbá mi fi ẹnu yẹn kàn án láéláé. Èmi náà a máa gbé ojú sápá kan, nítorí ìríra ni lójú mi.

Àṣà kan wà láàárín wọn tí mi ò tíì rí níbòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀. Katẹkísì ló fi ṣe àwàdà ní ìbẹ̀rẹ̀, àwàdà náà sì di òfin. Ẹni tó ni ọkọ̀ á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì níwájú gbogbo èèyàn, á sì máa ka àrùn ara ọkọ̀ náà láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Bó bá dákẹ́, ẹni tó fẹ́ rà á á bi í pé, “Ó tán?” Á dáhùn pé, “Ó tán.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò bi í. Bó bá ti dáhùn lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ̀ ti di ti ẹni tó rà á nìyẹn, kò sì gbọ́dọ̀ ráhùn mọ́. Àlájì ní níwọ̀n ìgbà tí ìjẹ́wọ́ ọkọ̀ kò ti sí nínú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, kò sóhun tó dí òun lọ́wọ́ láti ṣe é. Ìgbà kan ó jẹ́wọ́ títí ó fi jẹ́wọ́ pé ìyàwó òun kejì ti bì sí ìjókòó ẹ̀yìn.

Rósálì ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Gbaffo, abúlé kan lórí òkè, ni; ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé nítorí ilé ẹ̀kọ́, orí ẹní kan náà la jọ ń sùn. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, kò sì tíì hù padà, nítorí náà ó máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ a máa ru iṣu wá fún wa láti orí òkè. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tó gbọ́ pé bàbá mi fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀, kó lè ra ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjì Àlájì, ó ní òun á rà á, kí òun lè máa fi kó iṣu, kí Rósálì sì lè máa wá sílé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Rósálì fi jókòó sínú ọkọ̀ náà níbi tó dúró sí, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wà á lọ sílé.

Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, mo gbé gàrí lọ bá bàbá mi. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì rí ohun tó ń ṣe. Páìpù tó ń gbé omi ìjánu, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní bíréèkì, lọ sí táyà ẹ̀yìn lápá òsì ti ń jò. Kàkà kó pààrọ̀ rẹ̀, ó ká a kò, ó fi òòlù lù ú pa, kí omi má bàa jáde mọ́. Ó ní, “Èyí á dì í mú títí a ó fi rí tuntun.” Epo wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, ó gbé ọwọ́ lé ọkọ̀. Ó ka ilẹ̀kùn, ó ka ihò, ó ka táǹkì, ó ka ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Àlájì jókòó síbẹ̀, ó sì ti sọ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá mú ọkọ̀ òun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bí bàbá mi kò bá tíì múra. Bàbá mi dákẹ́. Bàbá Rósálì bi í pé, “Ó tán?” Bàbá mi wò mí. Mo wò ó. Ó gbé ojú kúrò lára mi, ó ní, “Ó tán.” Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Rósálì wà, ó ń já mi léèékánná nítorí ayọ̀. Ẹnu ni mo ní tí mi ò là á.

Ní Sátidé kẹta lẹ́yìn ìyẹn, páìpù náà ṣí lórí òkè Gbaffo. Ìjánu ọkọ̀ náà kò mú nǹkan kan mọ́. Ọkọ̀ náà yí padà sẹ́yìn, ó fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, ó sì dojú dé sáàárín àwọn àpáta. Apá bàbá Rósálì ṣẹ́. Rósálì wà lẹ́yìn, lórí iṣu tí wọ́n ń kó láti oko ìsàlẹ̀ lọ sílé. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì.

Bàbá mi wà lára àwọn tó lọ gbé ọkọ̀ náà kúrò. Mo rí i nígbà tó padà dé. Ó yọ páìpù tó ká kò yẹn kúrò lápò ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì jù ú sínú ṣáláńgá. Nígbà tí wọ́n ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, òun ló kọ́kọ́ sọ pé iṣu ló pọ̀ jù. Bàbá Rósálì gbà á gbọ́. Kò gbin iṣu mọ́ títí tó fi kú, ó ní ọwọ́ òun lòun fi kó ohun tó pa ọmọ òun.

Bàbá mi dàgbà, ó darúgbó, wọ́n sì sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó sì ń rí mi lára títí dòní. Èmi náà ń rí ara mi lára, nítorí ọmọdé ni mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ ọmọdé mọ́ ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ìdí nìyẹn tí epo ọwọ́ Bẹnuwá fi dà mí láàmú. Mo jókòó sẹ́yìn fèrèsé, mo tẹ́tí sí wọn. Bẹnuwá fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀, àpótí jíà sì ti ń pariwo. Wọ́n ti da lẹ́búlẹ́bú pákó sínú epo rẹ̀, kó lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Kó tó mọ̀, ọkọ̀ ti di tirẹ̀.” Kò pẹ́ tí obìnrin tó fẹ́ rà á fi dé lórí zẹ́mí, alùpùpù akérò. Agbẹ̀bí ni ní Kèrè. Ó ní àwọn aboyún inú oko ń jìyà lórí alùpùpù, òun fẹ́ ohun tó lè gbé wọn dé ọsibítù kó tó pẹ́ jù. Bẹnuwá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ní ọkọ̀ náà kò ní nǹkan kan.

Mo dìde. Mo jáde síta, mo sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ó gbóná.

“Tàntí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó,” Bẹnuwá wí.

Mo ní kó ṣí àpótí jíà. Ó kọ̀. Mo na ọwọ́ rẹ̀ tó ń rùn sókè níwájú obìnrin náà, mo fi ìka nu èérí tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, mo sì fi í kan ahọ́n mi. Lẹ́búlẹ́bú pákó. Mo tutọ́ rẹ̀ sílẹ̀, mo sì sọ ohun gbogbo tí mo gbọ́ fún obìnrin náà. Bẹnuwá kò lè gbé ojú sókè. Obìnrin náà wò mí pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, ó rọra béèrè pé, “Ṣé ó tán, Ìyá?”

Kò mọ ohun tó béèrè. Mo ní, “Ti ọkọ̀ yìí tán.”

Bẹnuwá kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà náà. Kò burú. Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo gun zẹ́mí lọ sí Gbaffo. Wọ́n ti fẹ ọ̀nà náà sí i, wọ́n sì ti gbé òpó iná sí ibi tí kò sí nǹkan kan rí tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ń tẹ fóònù lábẹ́ àpáta tí àwa máa ń yọ̀ lórí rẹ̀. Òkè náà ṣì ga bó ṣe ga. Níbi tó ti ga jù, ọmọkùnrin onízẹ́mí ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n fẹsẹ̀ rìn, mo sì fẹsẹ̀ rìn kọjá àwọn àpáta yẹn.

Àbúrò Rósálì ọkùnrin ṣì wà láàyè. Bàbá Lúùkù ni wọ́n ń pè é báyìí. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gẹ́, nítorí wọn kì í se iṣu nínú ilé yẹn. Kò sí ọkọ̀ tí màá gbé ọwọ́ lé. Mo gbé e lé ilẹ̀. Mo sọ ti páìpù, mo sọ ti òòlù, mo sọ ti ṣáláńgá. Mo sọ pé kì í ṣe iṣu. Mo sọ pé mo mọ̀.

Ó dá ọ̀bẹ dúró. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó tán?”

Àwa tó dàgbà nígbà yẹn mọ ohun tí ìbéèrè náà jẹ́. Mo ní, “Ó tán.”

“Ó tán?”

“Ó tán.”

Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Mo jókòó tì í títí oòrùn fi yí, kò sì bi mí lẹ́ẹ̀kẹta.