Mọ́tò Ẹlẹ́ni-Méjì àti Ọ̀nà Ìjàyè

Òórùn kòkó ni mo fi ń rántí abúlé wa lẹ́yìn Mọ́níyà, nígbà tí ọ̀nà mọ́tò tó lọ sí Ọ̀yọ́ ṣì jẹ́ ohun tuntun lójú wa. Bí òjò bá dá, tí oòrùn yọ, tí a sì tú kòkó sórí ẹní níwájú ilé, òórùn rẹ̀ a kan díẹ̀díẹ̀ bí ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, a wọnú aṣọ, a wọnú irun, kódà omi inú àmù a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ta sánsán rẹ̀. Inú òórùn yìí ni mo wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ mi ti Ìbàdàn dé, tó jókòó lé àpò kòkó, tó fa ìwé kan yọ lábẹ́ agbádá, tó ní kí n wá wo nǹkan. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọkọ ìyàwó. Èmi rò pé oògùn ni wọ́n tún ti tà fún un.

Ìwé àwòrán ọjà ni, irú èyí tí àwọn ilé ìtajà Òyìnbó fi ń han oníbàárà ohun tí wọ́n lè bá a gbé wá láti òkè òkun. Àwòrán mọ́tò kan ló wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ irú mọ́tò tí ojú wa mọ̀ láyé ìgbà náà: lọ́rì ìjọba tó ga bí àká, tó ń bú ramúramù, tó ń da eruku bo gbogbo ará ọ̀nà. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó kúrú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò lórùlé, imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó bí ìdí ọkọ̀ ojú omi. Àyè ẹni méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé ilé ìtajà náà ti sọ fún ọkọ mi pé mọ́tò eré ìje ni, pé àwọn ọmọ olówó nílùú Òyìnbó ló ń fi í bá ara wọn sáré, pé lọ́rì ló yẹ àgbẹ̀ oníkòkó. Ọkọ mi ní òun kò gbọ́, òun kò gbà. Mo bi í pé ta ló fẹ́ bá sáré lábúlé wa, ṣé àwọn ewúrẹ́ ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá mi ni mo fẹ́ fi gbé lọ sọ́nà Ìjàyè."

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ọmọ Ìjàyè ni wọ́n. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí ogun Ìbàdàn fọ́ ìlú wọn, tí wọ́n sì kó wọn lẹ́rú. Ilé jagunjagun tó kó wọn náà ni wọ́n dàgbà sí, ibẹ̀ ni wọ́n lọ́kọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí ọkọ mi sí. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun náà fẹ́nikẹ́ni. Àmọ́ láti ìgbà tí làkúrègbé ti mú wọn lẹ́sẹ̀, tí wọn kò lè rìn kọjá ojúde mọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní àwọn fẹ́ fojú kan ọ̀nà Ìjàyè kí àwọn tó kú. Bẹ́ẹ̀, wọn kì í gbà kí ènìyàn gbé wọn. Àwọn ọmọ ẹbí ní kí àwọn so aṣọ mọ́ ọ̀pá, kí ọkùnrin méjì gbé e léjìká bí wọ́n ṣe ń gbé àwọn Òyìnbó kiri, wọ́n kọ̀. Ọkọ mi ní kí òun pọ̀n wọ́n sẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé e ṣépè. Itan wọn kò sì lè ya gun ẹṣin. Wọ́n ní ohun tó bá ń mí kò gbọdọ̀ gbé àwọn. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn, ikọ́ kan wá mú wọn, tí gbogbo wa fi ń wo ojú ara wa láàárọ̀ kí a tó lọ kí wọn.

Ṣé o ti wá rí ìdí tí ọkọ mi fi yarí kanlẹ̀ lórí mọ́tò ọmọdé yìí? Ọ̀nà ẹsẹ̀ ló wọ abúlé wa láti Mọ́níyà, ó gba àárín igi kòkó àti obì, ó sì gba orí igi mélòó kan tí a tẹ́ lé odò tó wà nísàlẹ̀ òkè tí ilé wa wà lórí rẹ̀. Lọ́rì kò lè kọjá níbẹ̀. Ọ̀nà tó yà sí Ìjàyè náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ mi lọ wọn ọ̀nà wa, ó wọn afárá, ó ní mọ́tò inú ìwé yìí nìkan ló lè gbà á. Ó fi ọ̀pá yàwòrán rẹ̀ sílẹ̀ nínú àgbàlá bó ṣe tóbi tó gan-an, ó gbé àpótí ìjókòó méjì sáàárín, ó ní kí n wá jókòó ti òun. Àgbàlagbà ọkùnrin jókòó sínú ilà, ó ń yí ọwọ́ nínú afẹ́fẹ́! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá Àgbà ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n bi wá pé kí ni. Ọmọ wọn ní mọ́tò wọn ni. Wọ́n wo ilà náà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní, "Tí kò bá mí, màá wọ̀ ọ́." Láti ọjọ́ náà ni èmi náà ti dẹ́kun àtimáa fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkọ mi fi owó sílẹ̀, a wá ń retí. Ojú omi ni mọ́tò náà yóò gbà dé Èkó, kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé e wá sí Ìbàdàn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́. Àárín ìgbà yìí ni ọkọ mi lọ fi tó baálẹ̀ abúlé létí pé mọ́tò ń bọ̀. Ó ní mọ́tò kékeré kan báyìí ni, kí wọ́n má ṣèyọnu, ọ̀nà tó wà nílẹ̀ yóò gbà á. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ wa, ta ló ń ra ohun ńlá tó ń pè é ní ńlá? Ẹni tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò ní ahéré lòun kọ́; ẹni tó pa màlúù yóò ní kí ẹ má bínú, ẹ̀kọ tútù lásán ni. Bí ọkọ mi ṣe ń ní ó kéré, bẹ́ẹ̀ ni baálẹ̀ ń mi orí, tó ń yìn ín pé ọmọlúwàbí ni. Lọ́kàn wọn, mọ́tò náà ju lọ́rì lọ.

Kó tó di pé a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, baálẹ̀ ti pe ọ̀wẹ̀. Gbogbo ọkùnrin abúlé kó àdá àti ọkọ́ jáde, wọ́n la ọ̀nà náà títí tí lọ́rì méjì fi lè pàdé lórí rẹ̀. Wọ́n ní igi afárá wa kò lè gba ohun tó ń bọ̀, wọ́n yọ ọ́, wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, wọ́n lọ gé ìtì ìrókò. Ọkọ mi ń sá sókè sódò pẹ̀lú ìwé àwòrán rẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wò ó. Baálẹ̀ wò ó, wọ́n ní òkèèrè ni ẹni tó yà á dúró sí, pé erin gan-an, bí a bá dúró lókèèrè yà á, kò ní ju ewúrẹ́ lọ. Àwọn ìtì ìrókò náà ṣì wà nínú igbó nígbà tí òjò dé, tí odò kún.

Àsìkò náà gan-an ni mọ́tò wá dé Ìbàdàn. Ọkọ mi wà níbẹ̀ títí wọ́n fi kọ́ ọ ní wíwà rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan a gbọ́ ohùn kan láti apá Mọ́níyà, tó ń kùn bí oyin tó ṣí kúrò nílé. Gbogbo abúlé rọ́ lọ sétí odò. Ohun kan wá yọ lókè ọ̀nà gbàràmù-gbaramu tí wọ́n là: ohun kékeré pupa kan, tó ń dán gbinrin, ọkọ mi jókòó sínú rẹ̀, àyà rẹ̀ àti orí rẹ̀ wà níta. Baálẹ̀ ní, "Àṣé òótọ́ ló ń sọ." Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀rín, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ wá, oòrùn ń kọ mànà lára rẹ̀, a rí i pé kò sí ẹṣin níwájú rẹ̀, kò sí ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣáà ń bọ̀ ni. Mo ti rí lọ́rì rí o, ṣùgbọ́n lọ́rì ìjọba ni ìyẹn. Èyí ń bọ̀ wá sílé mi.

Ó dé etí odò, ó dúró. Kò sí afárá. Baálẹ̀ ní ọ̀wẹ̀ ló yọ afárá, ọ̀wẹ̀ náà ni yóò gbé mọ́tò. Àwọn ọkùnrin ti ọparun sábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e léjìká, wọ́n wọ omi. Omi mù wọ́n dé àyà, wọ́n ń kọrin. Láàárín odò ni ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn yọ̀, mọ́tò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohùn tí mo gbọ́ lẹ́yìn mi, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ìyá Àgbà, tí kì í dìde láìsí ẹni tó fà wọ́n, ti dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà wa lókè, wọ́n di òpó ilé mú. "Ẹ jù ú nù! Ẹ jẹ́ kódò gbé e lọ! Ènìyàn ni kẹ́ ẹ dì mú!"

Wọn kò jù ú nù, ọkùnrin náà sì rí ẹsẹ̀ dúró. Wọ́n gbé mọ́tò gúnlẹ̀ níwájú ilé wa. Ìyá Àgbà ti jókòó. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, ó ní mọ́tò dé. Wọ́n ní àwọn kò wọ̀ ọ́ mọ́, pé èjìká ènìyàn náà ló gbé e wá. Ìgbà náà ni wọ́n wá sọ ohun tí wọn kò sọ fún ọmọ wọn rí.

"Mo ti dàgbà ju ẹni à ń pọ̀n lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó wa lẹ́rú bọ̀ láti Ìjàyè. Ẹsẹ̀ ló ń ro mí, mo sunkún pé kí ìyá mi pọ̀n mí. Ẹrù tí wọ́n fipá gbé rù ú wà lórí rẹ̀, ó sì pọ̀n mí. Ó ṣubú, kò dìde mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti já mi."

Omijé ń bọ́ lójú ọkọ mi, kò nù ún. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n pe àwọn tó gbé mọ́tò wá. Wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lára, Ìyá ń fọwọ́ wo èjìká wọn, wọ́n ń fọwọ́ wo ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tó kan ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, wọ́n bi í pé ta ló fipá mú un. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, Ìyá. Ọmọ yín bá mi kọ ebè lọ́dún tó kọjá. Ọ̀wẹ̀ ni." Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní, "Ìyá tèmi kò rẹ́ni bá a ṣọ̀wẹ̀." Wọn kò sọ pé àwọn yóò lọ tàbí pé àwọn kò ní lọ.

Nígbà tí omi fà, àwọn ọkùnrin lọ wọ́ igi afárá àtijọ́ jáde nínú igbó, wọ́n tẹ́ ẹ padà, ó sì gba mọ́tò náà dáadáa. Ìwọ sáà rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ òfì, wọ́n ní kí a wá gbé mọ́tò súnmọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wọ́ ara wọn wọ inú rẹ̀ láìsí ẹni tó gbé wọn, wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n ní kò mí lóòótọ́. Wọ́n ní èmi náà yóò bá wọn lọ. Mo ká ara mi kò síbi ẹsẹ̀ wọn bí ajá.

Ọ̀rẹ́ mi, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún tó máa gbà á gbọ́? Atẹ́gùn já gèlè mi lọ, n kò rántí pé mo ní gèlè. Ilẹ̀ tí mo ti ń fẹsẹ̀ rìn láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, tí mo mọ gbogbo kùkùté rẹ̀, ó ń sá lọ sẹ́yìn bí omi. Ní Mọ́níyà, àwọn ènìyàn sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ń wò wá. Ẹ̀rù bà mí, inú mi dùn, mo fẹ́ sunkún, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìyá Àgbà kò wo ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ojú wọn wà.

A ti yà kúrò lọ́nà Ọ̀yọ́, a ti rìn jìnnà láàárín oko iṣu, nígbà tí wọ́n ní kí ọmọ wọn dúró. Àpáta pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀, kò jìnnà sójú ọ̀nà. Mọ́tò dákẹ́. Ọkọ mi ní Ìjàyè kù níwájú. Ìyá ní ibi tí àwọn ń bọ̀ nìyí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kó lè fà wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ìwọ kọ́. Obìnrin ló pọ̀n mí débí." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Pọ̀n mí."

Mo tú ìborùn mi, mo bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi sì gbé wọn lé mi lẹ́yìn. Mo so ìborùn náà láyà. Mo ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ebè, mo ń gbọ́ èémí wọn létí mi, mo ń bẹ Ọlọ́run. Mo bẹ̀rẹ̀ sórí àpáta náà, mo sì tú wọn sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ méjèèjì tẹ òkúta náà.

"Ìyá mi, mo dé. Ẹni tó pọ̀n mí wá kò ṣubú."

Títí dòní, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ mọ́tò náà lábúlé wa, eré rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tẹ́rùn. Ọkọ mi wá a dé ìlú Òyìnbó, ohun tí yóò gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn ènìyàn. Ó rí i, ó gbé e wá, ohun náà sì gbé Ìyá Àgbà padà wá sórí ẹ̀yìn ènìyàn, ọkàn wọn sì sinmi.