Bọ́tìnnì Tó Ń Pa Ariwo

Elétí-ajá ni wọ́n ń pè é láti ìgbà èwe rẹ̀, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, kó gbé ohùn inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ tó kéré jù níbẹ̀ ju ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí.

Bọ́tìnnì kékeré kan ni wàhálà iṣẹ́ náà. Láyé ìgbà yẹn, ẹlòmíì máa ń tẹ̀ ẹ́ bó bá ń gba ohùn sílẹ̀, kó lè pa ariwo ṣììì tó máa ń wà lára tépù. Ẹlòmíì kì í tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, tó wá lọ tẹ̀ ẹ́, á gbé ariwo mì, á gbé ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mì mọ́ ọn. Ara páálí kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń sàmì rẹ̀ sí. Bí kò bá sí àmì, etí ni adájọ́.

Ìyàwó rẹ̀ kúkú ti ń wí fún un nípa etí rẹ̀.

“Baba àwọn ọmọ, ṣé ẹ ò gbọ́ ìrẹ̀ tó ń ké lábẹ́ àga yín ni?”

“Ìrẹ̀ wo? Ìwọ lò ń gbọ́ ohun tí kò sí.”

Ìgbà yẹn ni obìnrin aránṣọ kan mú kásẹ́ẹ̀tì wá, láìní páálí, láìní àmì.

“Ẹ kúuṣẹ́, bàbá. Màmá mi ló wà nínú eléyìí. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ síbẹ̀ nígbà tí àìsàn wọn le. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà yẹn. Mi ò mọ ohùn wọn.”

Elétí-ajá fọwọ́ kan tépù náà, ẹ̀tù pupa rúsúrúsú tó gbé ohùn dání hó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí yóò yí.

Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó tún tú u sílẹ̀. Bákan náà ni méjèèjì rí létí rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lẹ́nu ọ̀nà, ohùn kan ni ì bá fi pè é, àmọ́ ìgbéraga ò jẹ́. Ó ní ẹni tó gba ohùn náà sílẹ̀, bó bá mọ nǹkan, á ti tẹ̀ ẹ́. Lòun náà bá tẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ kí tépù yí dé òpin. Ẹ̀tù pupa kún inú ẹ̀rọ. Wọ́n ní bí omi bá dànù, kí agbè má fọ́. Tọjọ́ yẹn, àtomi àtagbè ló lọ.

Nígbà tí obìnrin náà padà dé, ó fi hẹ́dífóònù bo etí, omijé sì dà lójú rẹ̀.

“Ohùn màmá mi rèé!”

Nígbà tó yá, ó kojú sí Elétí-ajá. “Wọ́n ń sọ nǹkan níparí, àmọ́ ó ń rì lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ létí, ẹ bá mi gbọ́ ọ.”

Ó gbọ́ ọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ létí tirẹ̀. Ó na hẹ́dífóònù sí ìyàwó rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé aṣọ ni wọ́n fi bo ẹnu obìnrin yìí ni?” ìyàwó rẹ̀ béèrè. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì bọ́ hẹ́dífóònù náà.

“Ọmọ mi, etí mi ló ti kú,” ni Elétí-ajá wí. “Mo tẹ ohun tí kò yẹ kí n tẹ̀. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ màmá rẹ mì.”

“Ẹ tún gbé e sẹ́rọ, bàbá.”

Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lé e lọ́wọ́. Tépù inú rẹ̀ ti hó, ó ń dán bíi ọ̀rá. Obìnrin náà wò ó títí. Elétí-ajá fẹ́ bẹ̀ ẹ́, àmọ́ obìnrin náà na ọwọ́ dá a dúró, ó tún fi hẹ́dífóònù bo etí, ó sì ní kó bá òun bẹ̀rẹ̀ ohùn inú kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀.