Àdúrà Tó Dí Gíláàsì Lójú

Kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ olóògbé Àbúdùlàhí, awakọ̀ Òmù-Àrán, tí kò ní kọ́kọ́ sọ ti òjò Àjàṣẹ́-Ìpo. Òjò ńlá ká wọn mọ́ ọ̀nà, wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa, èrò há gádígádí sínú ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Kò pẹ́ tí kùrukùru fi bo gíláàsì iwájú láti inú. Ẹ̀rù bà wọ́n. Alfa Mùstàfá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, gbogbo èrò ń ké "Àmín!" Bí wọ́n ṣe ń ṣàmín ni gíláàsì ń ṣú sí i. Àbúdùlàhí tẹ búréèkì.

"Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣe é sínú. Àdúrà yín ló ń dí mi lójú!"

Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Jàrátù, ìyàwó rẹ̀, níbi tó jókòó sí níwájú. "Bàbá Hamidah! Ṣé Alfa lẹ ń ní kó dákẹ́?"

"Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ dákẹ́."

Obìnrin náà sì lẹ́nu lóòótọ́, ká má purọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, dípò kó tọrọ àforíjì, ilé ìdáná ni ọkùnrin yìí gbà lọ. Ó ṣí ọmọrí ìkòkò sókè. "Wo omi ara ẹ̀. Ooru ló kan ohun tó tutù, ló bá domi. Èémí ẹnu yín nìyẹn. Òjò ti mú gíláàsì tutù láti ìta."

"Ẹ dá ọmọrí mi padà, ìrẹsì ò tíì jinná."

Ó ń bá àlàyé rẹ̀ lọ. "Omi gbígbóná inú ẹ́ńjìnì ń gba páìpù wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Fáànù á fẹ́ ooru ẹ̀ gba ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ìdí gíláàsì. Á gbẹ, bí aṣọ tí a sá sóòrùn."

Ohun tí wọ́n fi ń yí ooru náà sí i nínú ọkọ̀ ti kán, ló bá mú ṣíbí Jàrátù kan lọ, ìdí ẹ̀ ló fi ń yí i. Ọdún mẹ́sàn-án ni Jàrátù fi bèèrè ṣíbí yẹn. Àwọn èrò tó máa ń gbé lọ sí Agbamu náà ò gbàgbé ooru ọ̀hún: wọ́n sá fún òjò níta, òógùn pa wọ́n nínú ọkọ̀.

Ìlọrin ló kú sí. Ọkọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n fi gbé e bọ̀ wálé, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn, Bẹ̀llò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wakọ̀. Àfi bí òjò ṣe dé, ní Àjàṣẹ́-Ìpo náà. Jàrátù ń ké, Hamidah ọmọ rẹ̀ ń ké, gíláàsì ṣú biribiri.

"Ìyá Hamidah, mi ò ríran mọ́. Ẹ jẹ́ ká dúró kí òjò dá."

"Wọ́n ti gbẹ́ sàréè sílẹ̀, Bẹ̀llò. Ṣé inú omi lẹ fẹ́ tẹ́ ẹ sí?"

Jàrátù na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó iwájú. Ṣíbí wà níbẹ̀. Ó fi ìdí ẹ̀ yí ooru sí i. Fáànù kérora, ooru jáde, gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í là láti ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Hamidah tún figbe ta, ó tún ṣú.

"Sunkún sínú," ni Jàrátù wí.

Ìyá àtọmọ wo ara wọn. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn tòun tomijé. Láti ibẹ̀ dé Òmù-Àrán, Jàrátù ò sọ̀rọ̀ mọ́, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí. Wọ́n dé kí omi tó kún sàréè.

Nígbà tí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, Jàrátù fi etí ìborùn rẹ̀ nu ṣíbí náà. Kò mú un lọ sílé ìdáná. Ó dá a padà sábẹ́ ìjókòó.