Obìnrin Tó Fi Ìtàn Kíkọ Bọ́ Ilé

Abu Shagara, ní Sharjah lẹ́bàá Dubai, ni mo ń gbé nígbà yẹn, èmi àti Alhaja kan la jọ wà ní yàrá kan. Èmi ń ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó. Òun máa ń wá ra aṣọ ọmọdé ní ọjà Deira, ní Dubai, lọ tà l'Ékòó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ra ògbólógbòó ìwé ìtàn kan ní Karama. Obìnrin òyìnbó kan ló kọ ọ́ láyé Ọbabìnrin Fitóríà. Mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ìtàn náà ò fi bẹ́ẹ̀ dùn, àmọ́ wọ́n kọ nípa ìgbésí ayé obìnrin náà síbẹ̀rẹ̀ ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Alhaja ṣe ń di ẹrù, mo ń tú u sí Yorùbá fún un.

Ọmọ pásítọ̀ ni obìnrin tó kọ ìwé náà. Àìsàn dá ọkọ rẹ̀ dúbúlẹ̀, iṣẹ́ ọkọ sì dẹnu kọlẹ̀. Ni ìyàwó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn lórí tábìlì ìdáná, ó ń fi orúkọ ọkùnrin tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ọ̀kan bá ṣe ń parí ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Òun ló fi tọ́ àwọn ọmọ, òun ló fi tọ́jú ọkọ títí ó fi kú. Nígbà tí ojú ìyàwó náà fọ́, àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ fi ohun gbogbo sílẹ̀, ó ń bá a kọ ohun tó bá sọ.

Alhaja dáwọ́ dúró. “Ọmọ yẹn, ṣé ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà, àbí nítorí ìyá rẹ̀ ni?”

Mo tún ibẹ̀ kà. “Wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Ó padà sídìí ẹrù rẹ̀. Ọmọbìnrin tirẹ̀ ló ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó bó bá ti rìnrìn àjò.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a lọ síbi tẹlifóònù. Mo gbọ́ tó ń bi ọmọ náà pé, “Ṣé o fẹ́ràn ọjà yìí? Sọ òótọ́ fún mi.” Ó gbọ́ èsì rẹ̀. “Ó dáa. Mo gbọ́.”

Ọmọ náà lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Alhaja kò rí ẹni gidi fi sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì lè máa wá sí Dubai déédéé mọ́. Nígbà tó wá kẹ́yìn, mo béèrè àlàáfíà ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ara rẹ̀ le. Inú rẹ̀ dùn,” ló wí. “Èmi ni nǹkan ò rọrùn fún.”

Lẹ́yìn náà, obìnrin mìíràn gba bedspace rẹ̀, ibùsùn tó háyà ní yàrá wa.