Búrẹ́dì Tí Mi Ò Dárúkọ Nínú Ẹ̀rí Mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sábà sọ ọ̀rọ̀ ara mi. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nílé ìwòsàn kan ní Ìfọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó, bóyá mo gbọ́n tàbí mi ò gbọ́n.

Jàǹbá ọkọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ já èrò kan ní Ìbàfò, ó gbé òmíràn, ó tún gbéra. Kò pẹ́ sí i ni bíréèkì já lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọkọ̀ sì lọ kọlu tírélà kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn kan kú. Àwọn kan fara pa. Èmi fi ẹsẹ̀ ara mi sọ̀ kalẹ̀. Kò síbi tó bó lára mi.

Ṣé ẹ mọ ohun tó kàn? Ìdúpẹ́ ni! Mọ́mì mi, tí wọ́n ń ta ẹja inú fírísà ní Mòwé, wọn ò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì pé. Gbogbo ẹbí jó lọ síwájú pẹpẹ, wọ́n gbé máìkì lé mi lọ́wọ́, mo sì jẹ́rìí. Mo ní bíréèkì já. Mo ní a kọlu tírélà. Mo ní Olúwa yọ mí, mi ò fara pa rárá. Ìjọ ké Halelúyà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀rí tí o bá ti jẹ́, o ò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ bà á jẹ́. Bí ẹni tó ti jẹ́rìí ìwòsàn bá tún ṣàìsàn, ó lè lo oògùn, ṣùgbọ́n ní kọ̀rọ̀ ni. Mi ò sọ pé àṣà náà burú. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí.

Kí ló wá ń ṣe mí? Mi ò sunkún. Mi ò pariwo. Ká ní mò ń sunkún ni, bóyá ẹnì kan á ti bi mí. Gbogbo ara mi dà bí apá téèyàn sùn lé: ó wà níbẹ̀, mò ń rí i, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, kì í ṣe tèmi. Ọ̀rẹ́ mi bímọ, mo gbé ọmọ náà mọ́ra, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé ó yẹ kí inú mi dùn.

Mi ò sì lè wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà márosẹ̀ mọ́. Bí mo bá dé ibùdókọ̀, ọwọ́ mi á tutù, etí mi á dí, mo máa ń yí padà ni. Mo máa ń sọ fún ọ̀gá mi pé ibà ni. Ibà ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín oṣù mẹ́ta! Ta ló máa gbà á gbọ́?

Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù tó ń lẹ táyà nítòsí ibùdókọ̀ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Bí mo ṣe ń padà bọ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Sístà, ẹ ti dé? Ọ́fíìsì yín mà ti wá sún mọ́lé o!”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹnu nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n fún mi ní oṣù kan. Wọ́n ní bí mo bá mú ìwé dókítà wá tó sọ ohun tó ń ṣe mí, mo lè máa ṣiṣẹ́ láti ilé ná. Bí kò bá sí ìwé, kí n máa wá sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́, tàbí kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Mo ti kà nípa PTSD lórí fóònù, àìsàn tí ẹ̀rù máa ń fi sílẹ̀ sínú èèyàn lẹ́yìn tí ewu ti kọjá. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ jọ tèmi. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Pé nǹkan jọra kò sọ ọ́ di ọ̀kan náà. Mo fa ìlà sí àárín ìwé kan, láti wò ó bóyá kí n lọ rí dókítà. Lápá kan: iṣẹ́ mi ò ní bọ́, bóyá ìtọ́jú sì wà. Lápá kejì: orúkọ náà lè lẹ̀ mọ́ mi. Ilé ìwòsàn ọpọlọ kan wà ní Abẹ́òkúta tó jẹ́ pé orúkọ ẹ̀ la fi ń bú ara wa láti kékeré. Lábẹ́ ìyẹn mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ẹ̀rí. Bí ìwé bá sọ pé mo fara pa, ta ló wá purọ́ lórí máìkì?

Mo gbé ìwé náà kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́jọ́ kan, mo tún ń padà bọ̀, oníbàárà kan ń bá Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù jà pé táyà òun ò ní nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá ní, “Alàgbà, ojú lẹ fi ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí n kì í bọ omi. Bí ò bá jò, ẹ gbé táyà yín, ẹ máa lọ.” Mo dúró wò ó. Èmi ò mọ̀ bóyá ó jò. Mi ò dúró dìgbà yẹn. Ohun tí mo gbé lọ ni pé àyẹ̀wò kì í ṣe ìdájọ́.

Ìfọ̀ ni mo lọ, nítorí kò sí ọmọ ìjọ wa níbẹ̀, ọ̀nà inú tó gba Òfàdà sì wà. Ó jìn, ṣùgbọ́n kò sí tírélà tó ń sáré níbẹ̀.

Obìnrin ni dókítà náà, ọjọ́ orí wọn á tó ti Mọ́mì mi. Wọ́n ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀, ọmọ mi?”

Mo la ẹnu. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀rí mi ló jáde. Bíréèkì já. A kọlu tírélà. Olúwa yọ mí, mi ò fara pa rárá. Ẹ bá mi yin Olúwa!

“Halelúyà!” Dókítà dáhùn. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn náà dáhùn.

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Dókítà wo ìwé tí wọ́n ń kọ. “Ohun tí mo kọ síbí ni pé o ò fara pa. Kí lo wá wá ṣe?”

Mo ní, “Búrẹ́dì.”

“Búrẹ́dì wo?”

Obìnrin tó wọ bọ́ọ̀sì ní Ìbàfò, ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Ó ra búrẹ́dì ńlá kan. Ó ní, “Ọmọ mi, bá mi di èyí mú, kí n wá fóònù mi.” Mo dì í mú. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ mi, ibi kékeré kan ló tẹ̀. Obìnrin náà ò sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé búrẹ́dì délé, mo gbé e sórí tábìlì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ́mì gé e, wọ́n po tíì. Gbogbo wa jẹ ẹ́. Èmi náà jẹ ẹ́.

Dókítà ní, “O ò fi obìnrin yẹn sínú ẹ̀rí rẹ?”

Mo ní rárá.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan sọ orúkọ àìsàn lé mi lórí. Ó lè jẹ́ PTSD, ó sì lè má jẹ́ òun. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn Abẹ́òkúta yẹn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fipá mú mi lọ. Mo fẹ́ràn pé wọn ò sọ ju ohun tí wọ́n mọ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì ni Mọ́mì rí lẹ́tà náà, ní ṣọ́ọ̀bù. “Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ yẹn? Ìwọ tí Ọlọ́run yọ! Kí la fẹ́ sọ fún ìjọ?”

Mi ò jiyàn. Mo sọ ọ̀rọ̀ búrẹ́dì fún wọn.

Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ẹja dúró. “Búrẹ́dì ọjọ́ yẹn? Èmi ni mo gé e.”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

Wọ́n jókòó sórí àpótí. “Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé o ò fara pa. Kí o tó sọ ọ́ ni mo ti sọ ọ́.” Wọ́n nu ọwọ́. “Ọjọ́ wo ni kí o lọ?”

Mo ní Ọjọ́bọ̀.

“Mo máa ti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà inú la máa gbà.”

Mi ò sọ̀rọ̀ ọ̀nà inú fún wọn rí.

Ẹ má rò pé mo sunkún o. Mi ò sunkún. Mo kàn ṣàkíyèsí pé mò ń gbọ́ òórùn ẹja. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Torí náà, mo máa lọ. Mi ò sọ pé kí gbogbo ẹni tó bá ti rí jàǹbá lọ gba orúkọ àìsàn; mi ò tíì mọ̀ bóyá mo ní in. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹ̀rí mi kì í ṣe irọ́, kò kàn pé ni. Olúwa yọ mí. Mo sì fara pa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́rìí rí, kí lẹ yọ kúrò nínú ẹ̀ kí ìjọ tó lè ké Halelúyà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo máa kà á. Bí ẹ bá sì mọ obìnrin kan tó ra búrẹ́dì ní Ìbàfò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, tí kò délé mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ ẹ̀ fún mi.