Ọkọ̀ Bàṣírù Tí Kì Í Tètè Jí

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Èjìgbò lọ sí Ọlá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọkọ̀ Bàṣírù lẹ wọ̀. Ọkọ̀ náà ti rìn, ó rìn, ó rìn, títí aago tó ń ka ìrìn rẹ̀ fi kú sójú kan. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í ṣí láti inú, wáyà ló sì so bọ́ńpà iwájú ró. Gbogbo ìyẹn ò tó nǹkan. Àìsàn rẹ̀ gan-an ni pé kì í tètè jí.

Àárọ̀ ló burú jù. Bàṣírù kì í kàn ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ kó yí i bí àwọn awakọ̀ yòókù. Á kọ́kọ́ yí i dé ìdajì, á dúró, á tẹ́tí sí pọ́ǹpù tó ń fa epo láti inú táǹkì, á pa á, á tún yí i dé ìdajì. Kàmọ́rù mẹkáníìkì ti ṣàlàyé fún un pé pọ́ǹpù ti darúgbó: bí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, epo á ti sá padà sí táǹkì, àfi kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ wá síwájú díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ yìí ni Bàṣírù á tó ṣáná sí i. Ọkọ̀ á wúkọ́, á tún wúkọ́, á sì jí. Àwọn èrò á pàtẹ́wọ́ fún un. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní àgbàlagbà ni ọkọ̀ òun, ta ló ń fipá jí àgbàlagbà lójú oorun?

Ọlá ni ìyá rẹ̀, Àṣàkẹ́, ń gbé pẹ̀lú Àríkẹ́, àbúrò Bàṣírù. Kò sí ọjọ́ tí Bàṣírù ná ọ̀nà yẹn tí kì í yà kí ìyá náà. Bàbá wọn ti kú sí Abíjàn, àwọn àjèjì ló sin ín, kò sí ọmọ kan nítòsí. Láti ìgbà náà ni Bàṣírù ti pinnu pé ọwọ́ òun ni Màámi yóò kú sí, lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá pè é. Ìpinnu yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí.

Abíjàn náà ni Bàṣírù ti kọ́ ọkọ̀ wíwà nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ló sì padà lọ fẹ́ Rùkàyyàt, ọmọ Èjìgbò pọ́ńbélé tí kò fojú kan Èjìgbò títí ó fi di ìyàwó ilé. Yorùbá rẹ̀ já gaara, àfi pé Faransé máa ń yọjú níbẹ̀ bí òkúta inú ìrẹsì. Màámi fẹ́ràn òkúta náà. Á ní kí Rùkàyyàt sọ ọ́ fún òun, á gbìyànjú láti sọ ọ́ tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ọkọ̀, Bàṣírù bá gbé e sílé, ó gun ọ̀kadà lọ síbi ìsọmọlórúkọ lápá kejì ìlú. Ibẹ̀ ni Àríkẹ́ ti pè é.

"Bùọ̀dá mi, ẹ máa bọ̀ kíákíá! Èémí Màámi ò já geere mọ́. Wọn ò lè jókòó, ká má tíì sọ pé wọ́n á gun ọ̀kadà. Ẹ gbé mọ́tò wá ká gbé wọn lọ sí ọsibítù."

Bàṣírù pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. "Rùkà, Màámi ò gbádùn. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló wà ní kíṣíìnì. Pẹtiróòlù ni kó o dà sínú ọkọ̀. Pẹtiróòlù o! Mo ń bọ̀."

Lójoojúmọ́, "epo mọ́tò" ló máa ń pè é. Lọ́jọ́ náà, kí àṣìṣe má baà wọ̀ ọ́, ó pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹyin lohùn.

Nígbà tó délé, Rùkàyyàt ti da kẹ́ẹ̀gì kan tán sínú ọkọ̀. Bàṣírù ní kí ọlọ́kadà máa lọ. Ó yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, ó dúró, ó pa á, ó tún yí i, ó wá ṣáná sí i. Ọkọ̀ wúkọ́. Èéfín funfun tú yọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò jí.

"Pọ́ǹpù yìí náà ni," Bàṣírù wí, ó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ha orí bátìrì, ó fi òkúta lu ìdí táǹkì kí pọ́ǹpù lè ta jí, ó tún padà sídìí kọ́kọ́rọ́. Àìsàn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń wò. Ká ní ọkọ̀ náà dákẹ́ pátápátá ni, ì bá ti fi í sílẹ̀ kó wá òmíràn. Ṣùgbọ́n ó ń wúkọ́. Gbogbo ìgbà tó bá wúkọ́, ó máa ń dà bí ẹni pé èyí tó kàn ló máa jí. Àríkẹ́ pè, ó ní òun ti ń bọ̀. Àríkẹ́ tún pè, ó ní òun ti kúrò nílé. Kí Ọlọ́run má fi irú ìrètí bẹ́ẹ̀ dán ẹnikẹ́ni wò.

Ìgbà tí bátìrì kú tán ló tó sáré bọ́ sójú títì. Olújídé, tó ń fi ọkọ̀ kó iṣu, ló rí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku. Wọ́n da iṣu sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì forí lé Ọlá.

Wọ́n ti fi aṣọ bo Màámi lójú nígbà tí wọ́n dé. Àríkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá, Màámi á ní, 'Òun nìyẹn.' Mo wá ń bínú sí yín. Wọ́n ní kí n má bínú, wọ́n ní ọkọ̀ yín kì í tètè jí, wọ́n ní àwọn á dúró dè yín."

Bàṣírù sunkún bí ọmọdé. Ọjọ́ náà ni wọ́n sin Màámi, òun fúnra rẹ̀ ló wọnú sàréè lọ gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ kàn án nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ara ti tutù.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Kàmọ́rù wá yẹ ọkọ̀ wò. Ó tú pulọ́ọ̀gì kan, ó gbé e sí imú, ó tún gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bi pọ́ǹpù kọ́ lọ́tẹ̀ yìí o. Kẹrosíìnì ló kún inú ọkọ̀ yín."

Rùkàyyàt ń gbé omi bọ̀ fún wọn. "Pẹtiróòlù tí wọ́n ní kí n dà ni mo dà," ó wí. "Èyí tí mo fi ń dáná."

Ní Abíjàn, esáńsì ni wọ́n ń pe epo mọ́tò. Kẹrosíìnì tí wọ́n ń dà sí àtùpà àti sítóòfù ni wọ́n ń pè ní pẹtiróòlù. Bàṣírù náà mọ̀ ọ́n, ó ti ra méjèèjì níbẹ̀ láìmọye ìgbà. Ìpayà ló gbé e gbàgbé.

"Mo tiẹ̀ rò ó pé kí ló dé," Rùkàyyàt wí. "Mo wá ní bóyá òun lẹ fi ń jí i, nítorí pé ó máa ń ṣòro jí." Ó gbé omi sílẹ̀. "Ṣé èmi ni mo pa Màámi?"

Kàmọ́rù tẹ orí rẹ̀ ba sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàṣírù mọ ohun tó yẹ kóun sọ. Ó yẹ kó ní rárá, kó ní òun lòun ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó la ẹnu. Ìyá tó ń ka ọkọ̀ tó ń kọjá ló wá sí i lọ́kàn, ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde.

"Àsìkò wọn ló tó," ló wí níkẹyìn, bí gbogbo ẹni tó wá kí wọn ṣe ń wí i láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú.

Rùkàyyàt dúró, ó ń retí ìyókù. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì wọlé lọ.