Ojú Pípọ́n Lẹ́nu Ọ̀nà Iléèwé

Mo rántí bí mo ṣe máa ń fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú àwọn ọmọ wálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà iléèwé wa ní Ifangni, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí àwọn aṣọ́bodè Igolo ṣe ń tú ẹrù oníṣòwò. Àtàǹpàkò kan náà ni o, mi ò fọ̀ ọ́. Ọlọ́run ló yọ wá. Olùkọ́ CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mí nígbà náà, mi ò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, mo sì gbà pé kò sóhun tí n kò mọ̀. Lọ́dún náà, Àpólò, àìsàn ojú tó máa ń ràn bí iná inú ọyẹ́, ti dé Daagbé, ó ti dé Lagbé. Nọ́ọ̀sì mú bébà kan wá fún ọ̀gá iléèwé: ojú pípọ́n, ojú yíyún, omi ojú, ìpin tó ń lẹ ojú pọ̀ láàárọ̀. Ọmọ tó bá ní i, kó lọ sílé títí yóò fi san. Ọ̀gá ní kí èmi máa ṣe àyẹ̀wò. Ojú pípọ́n ló wà lókè bébà, òun nìkan ni mo sì dì mú. Ta ló ráyè wá ìpin kiri?

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ onígàrí. Ìdánwò CEP, tí wọ́n fi ń jáde iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ku ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ Ajé, mo wo ojú rẹ̀, ó pọ́n bí ẹyìn. Mo ní kó padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, ó tún pọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Kò jiyàn, á tẹrí ba, á gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, á lọ. Ọ̀gá sì ti wí pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n kò ní wọ ibi ìdánwò, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ládùúgbò wa nígbà náà, ọmọbìnrin tí ìdánwò bá fò, ìdí iná ló máa ń kù sí.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e wá.

“Maître, ẹ káàárọ̀ o. Ojú ọmọ mi ni mo bá wá.”

“Ìyá, àìsàn ni. Ó wà nínú bébà.”

“Bébà náà, ṣé ó ti yan gàrí rí?” Àwọn ọmọ tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. “Bon. Ẹ wá sí ìdí agbada mi láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ jókòó níbi tí ọmọ mi ń jókòó kó tó wá síléèwé. Bí ojú yín bá mọ́ kúrò níbẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó yọ ọ́ níléèwé.”

Ìgbéraga ló gbé mi lọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, igi tútù ni wọ́n fi ń dáná. Ìyá náà fi àfọ́kù igbá lé mi lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní èéfín ni ìyì iná. Kí n tó ka mẹ́wàá, ìyì náà ti kún mi lójú.

“Ẹ rò ó, maître, ó ń jóná!”

Nígbà tí mo dé iléèwé, ọ̀gá rí ojú mi, ó fò sẹ́yìn. “Ah non! Ẹ yáa padà sílé, ẹ má kó o ràn wá!”

Mo bọ́jú, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò bí ọmọ tí wọ́n lé. Kí agogo ìsinmi tó lù, ojú mi ti mọ́. Ibẹ̀ ni òwe tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré ti yé mi: bí ojú bá ń ṣepin, ojú la ń fi í hàn. Ìpin ni àwọn àgbà wí, wọn ò wí pípọ́n. Mo ránṣẹ́ pe ọmọ náà, òun náà bọ́jú, ó jókòó tì mí. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí ìpin kankan.

Mo ní kó ṣí ìwé rẹ̀, kí n kọ́ ọ ní ohun tó pàdánù. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbẹ̀ pérépéré, títí kan ìṣirò tí mo ṣì ṣe lójú pátákó.

“Níbo lo ti rí i kọ?”

Ó nawọ́ sí fèrèsé ẹ̀yìn. “Níta níbẹ̀ ni mo dúró sí, maître. Mi ò wọlé o.”

Ó yege CEP. Èmi náà ti di ọ̀gá iléèwé báyìí, ewú ti ń yọ lórí mi. Bí àìsàn bá ń jà, mo ṣì ń yẹ àwọn ọmọ wò, nítorí àìsàn kì í ṣeré. Ṣùgbọ́n mo máa ń fọwọ́, mo máa ń ka bébà dé ìsàlẹ̀, mo sì máa ń kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ohun tó ti ṣe láti ìgbà tó ti jí. Ìdáhùn wọn a máa gùn ju bébà lọ. Títí dòní, n kì í kọ nǹkan sójú pátákó láìkọ́kọ́ wo ẹ̀yìn fèrèsé.